Ilẹ̀ Tí A Kò Ro, Igbó Ni Í Dà: Ẹ̀kọ́ Kan Lórí Ọpọ́n Ṣẹ́ẹ̀sì

Bí ẹ bá dúró ti àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọmọ kan tí ń yangàn pé òun ti gba ilẹ̀ mọ́ ẹnì kejì lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n a ti rí i léraléra pé ọmọ tí ó ní ilẹ̀ púpọ̀ náà ni ó ń pàdánù nígbẹ̀yìn, nítorí kò mọ ohun tí yóò fi ilẹ̀ náà ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a to àpẹẹrẹ kan sórí ọpọ́n. Funfun: ọba ní g1, ọmọ-ogun ní a5, b5 àti c5. Dúdú: ọba ní g4, ọmọ-ogun ní a7, b7 àti c7. Mẹ́ta sí mẹ́ta ni, iye wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ 3 péré ni ó kù fún ọmọ-ogun Funfun kọ̀ọ̀kan kí ó tó dé ìlà kẹjọ, níbi tí yóò ti di ayaba. Àwọn ti Dúdú kò tíì kúrò lójú kan. Ilẹ̀ tí à ń sọ nìyí.

Funfun ni ó kàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ a máa sáré gbé a5 lọ sí a6. Dúdú yóò dáhùn pẹ̀lú b6. Bí c5 bá jẹ b6, tí c7 sì jẹ ẹ́ padà, ọ̀nà ti dí pátápátá. Ọba Dúdú yóò rọra rìn dé c5, yóò jẹ b5, yóò sì jẹ a6 tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ ti di oúnjẹ ọ̀tá.

Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí Funfun ti b5 lọ sí b6, bí ẹni pé ó sọ ọmọ-ogun nù. Bí a7 bá jẹ ẹ́, kí c5 lọ sí c6. Bí b7 bá tún jẹ ìyẹn, kí a5 lọ sí a6. Kò sí ọmọ-ogun Dúdú tí ó lè dí i lọ́nà tàbí tí ó lè jẹ ẹ́ mọ́, ọba Dúdú sì jìnnà. Bí ó bá jẹ́ c7 ni ó jẹ b6, kí a5 kọ́kọ́ lọ sí a6; bí b7 bá jẹ ẹ́, c6 ni yóò la ọ̀nà. Ọmọ-ogun méjì lọ, ẹyọ kan jọba.

Ẹ tún yí i padà: bí ó bá jẹ́ pé Dúdú ni ó kàn, ó lè fi b7 sí b6 pa ilẹ̀kùn náà dé. Àǹfààní náà kò ju ìṣísẹ̀ ẹyọ kan lọ.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n ka ayò náà dé òpin kí wọ́n tó fi ohunkóhun sílẹ̀. Ohun tí a ti ṣírò kí a tó fi sílẹ̀ kì í ṣe òfò. Ẹ to ọpọ́n yìí nílé lálẹ́ òní, kí ẹ bi ọmọ yín pé kí ni ìdí tí b5 fi gbọ́dọ̀ ṣáájú àwọn méjì yòókù. Bí ó bá lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, ó ti mọ̀ ọ́n.