Má Tíì Ta Kọ̀ǹpútà Yẹn: Lẹ́tà láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Èmi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ gbọ́ pé o fẹ́ ta kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ ní àdúgbò Under G, torí pé kò gba Wi-Fi. Má tíì tà á. Ẹ̀rọ tó ṣì ń tẹ fọ́ọ̀mù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH láàárọ̀ lálẹ́ kò tíì di pàǹtírí.

Wáyà ni àwọn tó ṣe irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ fọkàn sí. Ọdún 1997 ni ìlànà Wi-Fi àkọ́kọ́, 802.11, jáde, mẹ́gábíìtì 2 péré ló sì ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tó tiẹ̀ yára sí i, láptọ́ọ̀pù ni wọ́n sábà ń fi í sí. Ti orí tábìlì kì í rìn, wọ́n ní ihò wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti tó o. Wọn ò kúkú parọ́: bí router bá wà nítòsí, wáyà ṣì dúró ire ju Wi-Fi lọ. Ṣùgbọ́n MiFi, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín Wi-Fi, ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń lò báyìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò sì ní ihò wáyà.

Kó o tó ná kọ́bọ̀, mú fóònù Android rẹ. Fi okùn tó o fi ń ṣájì rẹ̀ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ inú Settings, wá USB tethering, kó o tàn án. Kọ̀ǹpútà á máa gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ara fóònù. Bó bá jẹ́ pé Wi-Fi ni fóònù ń lò, Wi-Fi yẹn náà ló sábà máa ń gbé fún kọ̀ǹpútà, kò ní jẹ dátà fóònù rẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ èyí, tí wọ́n ń kiri àdúgbò Takie pé àwọn ń wá adapter, ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba Wi-Fi.

Bó o bá fẹ́ ra adapter USB náà, èyí tó ń gba 2.4 GHz àti 5 GHz pọ̀ ni kó o béèrè. Ìgbì 2.4 ń wọ ògiri dáadáa, ó ń dé ọ̀nà jíjìn, àmọ́ ojú ọ̀nà mẹ́ta péré ló ní tí kò wọnú ara wọn: 1, 6 àti 11. Ní àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́, tí hotspot wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan, èrò ti pọ̀ jù lórí ìgbì 2.4. Ìgbì 5 kì í rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ gbòòrò; fún ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, òun ló dára jù.

Má jẹ́ kí nọ́mbà ara páálí tàn ọ́. USB 2.0 kò lè gbé ju mẹ́gábíìtì 480 lọ, adapter tó bá wà lórí rẹ̀ tó sì pariwo 1200 ń fọ́nnu lásán ni. Bó o bá ki adapter bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, irin ara kọ̀ǹpútà á máa dí i lójú. Okùn USB gígùn díẹ̀ tó gbé e wá sórí tábìlì máa ń tún un ṣe.

Káàdì Wi-Fi tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ náà wà, ó sì dára, ṣùgbọ́n fún oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ni. Lásìkò ọyẹ́, iná mànàmáná tó máa ń kóra jọ sára èèyàn lè ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀.

Wo Windows tó wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Microsoft ti ṣíwọ́ àtúnṣe ààbò fún Windows 7 láti January 14, 2020, àti fún Windows 10 láti October 14, 2025. Nọ́mbà NIN àti fọ́ọ̀mù JAMB àwọn oníbàárà ń gba orí kọ̀ǹpútà yẹn kọjá. Bó bá jẹ́ 7 ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ Wi-Fi kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ ká ọ lára. Linux, tó lè rọ́pò Windows, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì máa ń dá ọ̀pọ̀ adapter mọ̀ láìbéèrè dírafà.

Ya fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, kó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ká lè rí ihò tó ní kó o tó ra ohunkóhun.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Ọ̀yọ́.