Láti Manigri dé Bandjeli: ìrìn-àjò sí ilẹ̀ àwọn ayọ́rin

Bí ẹ bá ti gúúsù Benin gba Savalou àti Bantè gòkè, Manigri ni ẹ óò kọ́kọ́ kàn kí ẹ tó dé Bassila. Ẹ sùn níbẹ̀ tí ààyè bá wà. Ẹ̀ka èdè tiwa ni wọ́n ń sọ, ẹ kàn máa fetí sílẹ̀ dáadáa. Ní Bassila, àwọn Anii ló nilẹ̀.

Òdìkejì ibodè ni ibi tí à ń lọ wà, ní ilẹ̀ Bassar ní Tógò. Níbẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń wa òkúta irin, tí wọ́n sì ń yọ́ ọ, láti nǹkan bí ọdún 400 ṣáájú ìbí Krístì títí di ayé òyìnbó amúnisìn. Ọ̀nà méjì ló lọ. Èyí tó rọrùn fún ọkọ̀ èrò gba Djougou àti Ouaké lọ sí Kara, kó tó yà sí Kabou àti Bassar. Èkejì gba Kambolé àti Tchamba já sí Sokodé, ó sì gun òkè Malfakassa kó tó dé Bassar. Òun ni mo fẹ́ràn, nítorí irú ọ̀rọ̀ Manigri gan-an ni ẹ óò gbọ́ ní Kambolé. Àmọ́ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má dábàá rẹ̀. Ọ̀nà erùpẹ̀ ni apá kan rẹ̀.

Ẹni tó bá ń retí odi gíga tàbí ààfin àtijọ́ máa ṣìnà. Ilẹ̀ ni ẹ ó máa wò. Ní àyíká Bandjeli àti Nangbani, òkìtì ìdàrọ́ ló kún inú igbó àti oko: òkúta dúdú tó wúwo lọ́wọ́, tí ojú rẹ̀ yi bí oyin tó dì. Bí ẹ bá rí àfọ́kù amọ̀ oníhò láàárín rẹ̀, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ gbà wọ inú iná ni. Ìléru Bassar kì í lo ẹwìrì. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, á ga ju èèyàn lọ, wọ́n á sì dá ihò yí ìdí rẹ̀ ká. Bí ooru bá ṣe ń gòkè ló ń fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé láti ìsàlẹ̀, tí èédú fi ń jó kíkankíkan láìsí ẹni tó ń fín in. Àwọn ìléru tó kù lóòró kò pọ̀, nítorí náà ẹ rí i dájú pé ẹnìkan tó mọ ilẹ̀ ló mú yín lọ.

Òkúta irin Bandjeli dára púpọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà gbòòrò láti bí ọ̀rúndún kẹrìnlá, tí abúlé kan ń yọ́ irin, tí òmíràn ń sun èédú, tí àwọn alágbẹ̀dẹ ibòmíràn sì ń rọ ọkọ́ fún títà. Friedrich Hupfeld, ará Jámánì, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1899. Láti àwọn ọdún 1980 ni awalẹ̀pìtàn Philip de Barros ti ń ṣe ìwádìí níbẹ̀. Ẹ wá fíìmù The Blooms of Banjeli (1986) wò kí ẹ tó gbéra. Candice Goucher àti Eugenia Herbert wà lára àwọn tó ṣe é. Àwọn àgbà ìlú tún mọ ìléru, wọ́n sì yọ́ irin lójú kámẹ́rà. Ẹ óò rí ohun tó kan ọkùnrin àti èyí tó kan obìnrin nínú iṣẹ́ náà. Irin tó ń wọlé láti Yúróòpù ló pa ọjà wọn. Goucher sọ pé èédú tó ń jẹ igi ilẹ̀ náà tán wà nínú ohun tó fa á. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, tí ẹ rí bí ìdàrọ́ ṣe pọ̀ tó, ẹ ò ní bá a jiyàn.

Láti oṣù Kọkànlá sí Kẹta ló dára jù láti lọ: koríko ti gbẹ, òkìtì hàn. Tí ẹ bá fẹ́ wo ijó iná àwọn Bassar, oṣù Kẹsàn-án, nígbà ọdún iṣu, ni kí ẹ lọ, àmọ́ igbó á ti bo ilẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan òkìtì kankan, kí obì tàbí ọtí sì wà lọ́wọ́. Ẹ má ṣa ìdàrọ́ lọ sílé, bó ti wù kó kéré mọ. Owó sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, àmọ́ aago Tógò fi wákàtí kan rẹlẹ̀ sí ti Benin. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ẹ bá ń padà bọ̀. Ẹ mú ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání. Ẹ bèèrè nípa ààbò ní ibodè, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ kọjá Kara sí àríwá, torí wọ́n kéde òfin pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Savanes ní 2022. Bí ebi bá pa yín ní Sokodé, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní fùfú. Iyán ni wọ́n máa gbé wá. Ilé ìtura wà ní Bassar, àmọ́ Sokodé àti Kara ni ẹ ti lè rí ọ̀pọ̀ mú.