Hóró Oògùn Tí O Gbàgbé Yẹn

Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Má tíì ju páálí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí yẹn nù, má sì sáré lọ po iyọ̀ mọ́ omi. Yọ ọ́ nínú báàgì, kí o wo ibi tí o bá a dé. Ibi tí o ti fo oògùn ló máa sọ ohun tí wàá ṣe.

Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni oníhóró 28. Mọ́kànlélógún ni oògùn gan-an. Méje tó kù, tí àwọ̀ wọn sábà máa ń yàtọ̀, kì í dènà oyún. Tó bá jẹ́ nínú méje yìí lo ti gbàgbé, sọ ọ́ nù, kí o máa bá tìẹ lọ. Tó bá jẹ́ hóró kan péré nínú 21 ni, lò ó ní kété tí o bá rántí, kódà kó di méjì lọ́jọ́ kan náà. Inú lè máa rìn ọ́ díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tó bá ti di méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ léra wọn, ọ̀rọ̀ yí padà. Lo èyí tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí o gbàgbé, má kó gbogbo wọn jẹ pọ̀ bí ẹni ń san gbèsè àjọ. Máa lo ìyókù lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa lo kọ́ńdọ́ọ̀mù títí wàá fi lo hóró 7 láìfo ọjọ́ kankan. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹta ló bọ́ sí, má lo méje aláìlóògùn rárá. Bí 21 bá ti tán, bẹ̀rẹ̀ páálí tuntun lọ́jọ́ kejì. Nǹkan oṣù lè má wá lóṣù yẹn.

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé àárín páálí ló léwu jù. Rárá o, ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ara rẹ ti lo ọjọ́ 7 láìgba oògùn kankan. Tí o bá tún pẹ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀ páálí tuntun, bóyá owó ò tíì wọlé, bóyá òde òkú gbé ọ dé Ìbàdàn, ẹyin lè rí àyè jáde. Nítorí náà, bí o bá fo méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ẹ sì ti bá ara yín sùn láìlo kọ́ńdọ́ọ̀mù láàárín ọjọ́ 5 sẹ́yìn, lọ sí kẹ́mísì, ra Postinor, oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì. Ó dára jù kó má kọjá wákàtí 72 lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Bí o bá ṣe tètè lò ó tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Kì í ṣẹ́yún, ńṣe ló ń dá ẹyin dúró. Kí o wá padà sí hóró tìrẹ. Ampiclox, ọsàn wẹ́wẹ́, omi iyọ̀: kò sí èyí tó ń dènà oyún nínú wọn, ohun yòówù kí ọ̀rẹ́ rẹ sọ.

Bí o bá ń fọ́mọ lọ́mú, ó ṣeé ṣe kí nọ́ọ̀sì ti fún ọ ní irú mìíràn, tí gbogbo hóró rẹ̀ jẹ́ oògùn. Ìyẹn ò fẹ́ ìfàsẹ́yìn: ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí o bá ti pẹ́ ju wákàtí 3 lọ, lò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì lo kọ́ńdọ́ọ̀mù fún ọjọ́ 2. Bí o bá sì bì kí wákàtí 3 tó pé lẹ́yìn tí o lo oògùn, lo hóró mìíràn.

Tí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, yẹ ìtọ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn ìbálòpọ̀ náà. Bó bá jẹ́ oyún, dá oògùn dúró. Èyí tí o ti lò kò ní pa ọmọ lára.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan fún ọ: púpọ̀ nínú wa ló ń gbàgbé nítorí pé ibi tí a fi oògùn pamọ́ sí fún ìyá ọkọ, àwa náà kì í rí i níbẹ̀. Fi aago sórí fóònù, tàbí kí o máa lò ó lẹ́yìn àdúrà alẹ́. Bó bá tún ń ṣẹlẹ̀, bi nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba nípa abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, tàbí èyí tí wọ́n ń fi sí abẹ́ awọ apá, tó lè lo ọdún 3 sí 5.