Àwọn Ilẹ̀ Kékeré Láàrin Àwọn Alágbára

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní kíláàsì àwọn àgbà, bàbá kan gbọ́ lórí rédíò pé Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀. Ó wá bi wá pé, "Tíṣà, àwọn ilẹ̀ kékeré tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà Ṣáínà ńkọ́? Ta ni wọ́n ń tẹ̀lé?" Ìbéèrè náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè dáhùn rẹ̀ tán ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìdí nìyí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ wo àwòrán ayé tí ó wà lára ògiri. Ẹ wá Ṣáínà. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní ìhà gúsù, ẹ ó rí Fiẹtnám, Láósì, Kàmbódíà àti Táílándì. Bí ẹ bá tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí Malaysia, Sìǹgápọ̀ àti Indonesia. Odò ńlá kan tí à ń pè ní Mekong ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣàn wá, ó sì gba àárín wọn kọjá lọ sí òkun. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó kéré o. Ènìyàn tí ó wà ní Indonesia pọ̀ ju ti Nàìjíríà lọ. Ṣùgbọ́n ènìyàn Ṣáínà lé ní mílíọ̀nù 1,400. Ta ni kò ní kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Táílándì, tí orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ń jẹ́ Síámù. Àwọn alágbára tí ó há Síámù mọ́ àárín kì í ṣe àjèjì sí wa. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni. Àwọn méjèèjì yìí kan náà ni wọ́n fi ìwé àdéhùn ọdún 1889 la ilẹ̀ Yorùbá sí méjì. Títí di òní, ẹni tí ó bá ti Ìmẹ̀kọ ń lọ sí Kétu yóò gba ẹnu bodè kọjá. Ní Éṣíà, Gẹ̀ẹ́sì ń gba Burma ní ìwọ̀-oòrùn Síámù, Faransé sì ń gba Fiẹtnám àti Kàmbódíà ní ìlà-oòrùn.

Ọba Mongkut gorí oyè ní 1851. Kí ó tó jọba, ó ti lo ọdún 27 nínú ilé àwọn àlùfáà Búdà. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nárì Amẹ́ríkà. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé àgbà kò lè kọ́ ìwé mọ́, ẹ gbọ́ o! Ó ti tó ẹni ogójì ọdún nígbà náà.) Ọba yìí mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìbọn ọkọ̀ ojú omi ṣẹ́gun Ṣáínà pàápàá ní 1842. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì rán John Bowring sí i ní 1855, kò bá a jà. Ó fọwọ́ sí ìwé. Ìwé náà wúwo: ọjà Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá wọ Síámù kò ní san owó bodè ju 3 nínú 100 lọ, ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá sì ṣẹ̀, aṣojú ìjọba wọn ni yóò dá ẹjọ́ rẹ̀, kì í ṣe adájọ́ Síámù.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni ó yẹ kí a fọkàn sí. Ní ọdún kejì, 1856, ó bá Amẹ́ríkà ṣe irú àdéhùn kan náà, ó bá Faransé náà ṣe. Àwọn mìíràn tún tẹ̀lé wọn. Kí ni ìdí? Bí ẹnì kan ṣoṣo bá di okùn ọrùn ewúrẹ́ mú, ibi tí ó wù ú ni yóò fà á lọ. Bí ènìyàn mẹ́rin bá dì í mú, wọn yóò máa ṣọ́ ara wọn.

Ọmọ rẹ̀, Chulalongkorn, jọba láti 1868 títí di 1910. Ó gba àwọn òyìnbó sí iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò mú gbogbo wọn láti ilé kan. Ará Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń gbà á nímọ̀ràn lórí owó. Àwọn ará Denmark wà nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ogun rẹ̀. Olórí àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ amòfin ará Belgium kan, Gustave Rolin-Jaequemyns. Ẹ kíyèsí i: Belgium àti Denmark kò ní ilẹ̀ kankan nítòsí tí wọn yóò fi máa wo ilẹ̀ Síámù ṣojúkòkòrò.

Síbẹ̀, wàhálà dé. Ní oṣù keje ọdún 1893, ọdún kan lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jagun, ọkọ̀ ogun Faransé fi tipátipá wọ ẹnu odò, wọ́n sì lọ dúró sí Bangkok, olú ìlú Síámù. Ọba ń retí pé Gẹ̀ẹ́sì yóò gbèjà òun. Gẹ̀ẹ́sì kò jà. Ọba ní láti fi gbogbo ilẹ̀ tí ó wà ní apá ìlà-oòrùn Odò Mekong sílẹ̀ fún Faransé, ó sì tún san owó ìtanràn mílíọ̀nù 3 owó Faransé. Ní 1896 Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bá ara wọn ṣe àdéhùn pé kò sí ẹni tí yóò kó ọmọ ogun wọ àfonífojì odò Chao Phraya, tí ó jẹ́ ọkàn ilẹ̀ Síámù. Ṣé nítorí ìfẹ́ ni? Rárá o. Ẹnìkínní kò fẹ́ kí ẹnìkejì wá bá òun pààlà ni. Ní 1907 Síámù tún fi ìlú Battambang àti Siem Reap sílẹ̀ fún Faransé, ó sì fi ìpínlẹ̀ mẹ́rin fún Gẹ̀ẹ́sì ní 1909: Kedah, Kelantan, Terengganu àti Perlis.

Báyìí ni ó fi jẹ́ pé, ní gbogbo agbègbè yẹn, Síámù nìkan ni kò bọ́ sábẹ́ òyìnbó. Àwọn ènìyàn máa ń yin ọgbọ́n àwọn ọba méjèèjì, àwa náà sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka iye tí wọ́n san. Àwọn ará Láò, Khmer àti Malay tí ń gbé lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀, ta ni ó bi wọ́n léèrè? Síámù fúnra rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ fi agbára gorí wọn, kí ó tó wá fi wọ́n ra àlàáfíà.

Ti Kàmbódíà kò rí bẹ́ẹ̀. Norodom Sihanouk gba òmìnira ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Faransé ní 1953. Ó ní òun kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó gba owó lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, ó gbà lọ́wọ́ Ṣáínà náà. Ṣùgbọ́n ogun ń jó ní Fiẹtnám, nílé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an. Rọ́ṣíà àti Ṣáínà ń ran àríwá lọ́wọ́, Amẹ́ríkà ń ran gúsù lọ́wọ́. Ní 1963 Sihanouk ní òun kò gba owó Amẹ́ríkà mọ́. Ní 1965 ó já okùn ọ̀rẹ́ wọn pátápátá. Ó sì di ojú rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ogun àríwá Fiẹtnám ń fi igbó rẹ̀ ṣe ibùdó. Ní oṣù kẹta ọdún 1969 ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù sí igbó náà ní ìkọ̀kọ̀. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, Sihanouk rin ìrìn-àjò lọ sí òkè òkun, ọ̀gágun rẹ̀ Lon Nol àti àwọn aṣòfin sì yọ ọ́ lóyè.

Ogun wọlé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1975, àwọn tí à ń pè ní Khmer Rouge gba Phnom Penh, wọ́n sì lé gbogbo ará ìlú jáde lọ sí oko, àti àgbà àti aláìsàn. Kí Fiẹtnám tó lé wọn kúrò ní oṣù kìíní ọdún 1979, ó tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ sí mílíọ̀nù méjì ènìyàn tí ó kú. Wọ́n pa àwọn olùkọ́ púpọ̀. Àwa tí a ti fi ṣọ́ọ̀kì jẹun kì í lè ka apá yìí kí a má dákẹ́ díẹ̀.

Àwọn kan di gbogbo ẹ̀bi ru Sihanouk. Àwa kò rò pé ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì tí ó yí Síámù ká kò fẹ́ bá ara wọn jà. Àwọn tí ó yí Kàmbódíà ká ti wà lójú ìjà, wọ́n sì nílò igbó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀: òun nìkan ni ó mọ ibi tí gbogbo okùn náà so sí. Ọjọ́ tí kò sí nílé ni ó tú.

Ní 1967 ilẹ̀ márùn-ún, Indonesia, Malaysia, Filipíìnì, Sìǹgápọ̀ àti Táílándì, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Bangkok tí à ń pè ní ASEAN. Nígbà tí Timor-Leste wọlé ní 2025, wọ́n di 11. Wọ́n máa ń pe gbogbo alágbára wá jókòó sí ìpàdé wọn. Àbùkù wọn ni pé ohùn gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan kí wọ́n tó sọ̀rọ̀; ní 2012, ọ̀rọ̀ òkun tí wọ́n ń bá Ṣáínà jà lé lórí mú kí àwọn mínísítà wọn túká láìlè kọ ìwé kan jáde.

Òkun yẹn ni a fi máa sọ ti Fiẹtnám. Òkun Gúsù Ṣáínà ni ayé ń pè é, ṣùgbọ́n Òkun Ìlà-Oòrùn ni àwọn ará Fiẹtnám ń pè é. Fiẹtnám ti bá Faransé jà, ó ti bá Amẹ́ríkà jà, ó sì bá Ṣáínà jà ní 1979. Nígbà náà, Rọ́ṣíà ìjọba Sófíẹ̀tì nìkan ni ó fẹ̀yìn tì. Ìjọba Sófíẹ̀tì wó ní 1991. Fiẹtnám kò tún fẹ̀yìn ti igi kan ṣoṣo mọ́. Ó bá Ṣáínà parí ìjà ní ọdún yẹn kan náà, ó bá Amẹ́ríkà parí rẹ̀ ní 1995, ó sì wọ ASEAN. Olórí wọn tí ó kú ní 2024, Nguyễn Phú Trọng, máa ń fi ìwà ilẹ̀ náà wé ọparun: gbòǹgbò rẹ̀ le, ẹ̀ka rẹ̀ ń tẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí. Ní 2019 wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kò ní bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀ ogun, àwọn kò ní bá ilẹ̀ kan gbógun ti èkejì, àwọn kò sì ní gba àjèjì láàyè láti fi ilẹ̀ àwọn ṣe ibùdó ogun. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 Ààrẹ Biden dé Hanoi. Ní oṣù kejìlá Xi Jinping dé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 Putin dé.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 Amẹ́ríkà kéde pé ọjà Fiẹtnám yóò máa san 46 nínú 100 kí ó tó wọlé. Láàrin oṣù kan náà, Hanoi rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀ ní Washington, ó sì tún fi ọlá ńlá gba Xi Jinping lálejò. Ní oṣù keje Ààrẹ Trump ní ó ti di 20. Ṣùgbọ́n ọjà tí ó bá kàn gba Fiẹtnám kọjá láti ilẹ̀ mìíràn yóò san 40. Kò dárúkọ ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Ṣáínà ni.