Ohùn Inú Tábúlẹ́ẹ̀tì: Ìtọ́sọ́nà fún Ìdílé Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Ìlú Ọba

Ní ọdún 2018, ẹni tó gba ipò kìíní nínú ìdíje Britain's Got Talent kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ gbólóhùn kan lórí ìtàgé. Lee Ridley ni orúkọ rẹ̀, aláwàdà ni, Lost Voice Guy ló sì ń pe ara rẹ̀. Àìsàn tó ṣe é ní kékeré ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó máa ń tẹ àwàdà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á bá a sọ ọ́ síta, ẹ̀rín á sì gba gbọ̀ngàn kan.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti kúrò ní ohun àrà ní Ìlú Ọba. Ọmọ tó ní autism tí kò tíì sọ̀rọ̀, bàbá tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹni tí motor neurone disease ń pa iṣan ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo wọn ló ní áàpù tó lè bá wọn sọ̀rọ̀. AAC ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè é, ìyẹn ọ̀nà tó ń ran ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́ tàbí tó ń rọ́pò rẹ̀, orúkọ yẹn náà sì ni ìdílé yóò máa gbọ́ nílé ìwòsàn àti nílé-ìwé. Áàpù pọ̀ lọ jàra. Ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ló máa ń rú ìdílé Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lójú: ṣé kí wọ́n sáré ra iPad ni, àbí kí wọ́n lọ rí dókítà? Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra nǹkan sábà máa ń nówó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó máa lo áàpù náà, ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ àti ilé tó ń gbé, ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ibi tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ

Ọ̀pọ̀ ìdílé ti san owó ìlera pọ̀ mọ́ owó físà kí wọ́n tó wọkọ̀ òfuurufú. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, £1,035 ni fún àgbàlagbà lọ́dún kan, £776 sì ni fún ọmọdé àti akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá físà Health and Care Worker wọlé kì í san án, àmọ́ ẹ̀tọ́ kan náà ló ní sí NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba. Iṣẹ́ speech therapist, ẹni tó ń tọ́jú ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ, wà lára ohun tí NHS ń ṣe. Kí ìdílé forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, ní kíá. Kò yẹ kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni padà nítorí pé kò tíì ní ìwé tó fi hàn ibi tó ń gbé. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, òbí lè kọ̀wé sí àwọn speech therapist ọmọdé fúnra rẹ̀ láìgba ọ̀dọ̀ GP. Bí ìyá àgbà tí rọpárọsẹ̀ mú kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n béèrè ògbufọ̀ tó gbọ́ Yorùbá. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì sàn ju kí wọ́n máa fi ọmọ ọmọ wọn ṣe ògbufọ̀.

Fún ọmọ tó ti wọ ilé-ìwé, SENCO ni ẹni tí òbí ń wá. Òun ló ń bójú tó àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àrà ọ̀tọ̀. Ní England, òfin Children and Families Act ti ọdún 2014 fún òbí láyè láti kọ̀wé sí káńsù fúnra rẹ̀ kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò ọmọ náà fún EHCP, ìyẹn ìwé ètò ìrànlọ́wọ́ fún ẹ̀kọ́, ìlera àti ìtọ́jú ọmọ. Káńsù ní ọ̀sẹ̀ 6 láti dáhùn bóyá wọ́n á ṣe àyẹ̀wò, gbogbo ètò náà kò sì yẹ kó kọjá ọ̀sẹ̀ 20. Bí EHCP bá jáde tí wọ́n kọ ẹ̀rọ AAC àti speech therapist sí abala tó sọ̀rọ̀ nípa ìrànlọ́wọ́ ilé-ìwé, dandan ni kí káńsù pèsè wọn. SENDIASS, àwọn tó ń gba òbí nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ yìí, wà ní gbogbo àdúgbò, wọn kì í gbowó, wọ́n sì máa ń bá òbí ka lẹ́tà tó bá le. Wales àti Northern Ireland ní ètò tiwọn. Ní Scotland, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018 ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn aláṣẹ ìlera láti pèsè ẹ̀rọ fún ẹni tó pàdánù ohùn rẹ̀ tàbí tí ọ̀rọ̀ sísọ ṣòro fún.

Gbólóhùn kan tún wà lórí físà tó ń dẹ́rù ba èèyàn: "no recourse to public funds", ìyẹn ni pé ẹni náà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ ìjọba. NHS àti ètò ẹ̀kọ́ ọmọ kò sí lára public funds, nítorí náà bíbéèrè fún speech therapist tàbí EHCP kò lè ba físà jẹ́. Disability Living Allowance, owó ìrànwọ́ fún ọmọ tó ní àìlera, wà lára rẹ̀ ní tirẹ̀. Kí wọ́n tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ kankan, kí wọ́n bi agbẹjọ́rò físà tàbí Citizens Advice.

"Ó máa sọ̀rọ̀ tó bá yá"

Gbólóhùn yìí kì í wọ́n nínú ilé Yorùbá. Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, wọ́n á wí, ẹ fún un láàyè. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbẹ̀rù kejì á dé, pé bí ọmọ bá ti rí ẹ̀rọ tó ń bá a sọ̀rọ̀, kò ní la ẹnu mọ́. Ní 2006, Millar, Light àti Schlosser kó ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ. Nínú èèyàn 27 tí ẹ̀rí tiwọn dájú jù, kò sí ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dín kù. Ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sọ̀rọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlọsíwájú ọ̀pọ̀ wọn kéré.

Ìmọ̀ràn mìíràn tí àwọn òbí máa ń gbọ́ lẹ́nu ará àdúgbò ni pé kí wọ́n pa Yorùbá tì, kí ọmọ má bàa dàrú. Ẹgbẹ́ àwọn speech therapist ní Ìlú Ọba kò fara mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n ń gbà wọ́n níyànjú ni pé kí òbí máa bá ọmọ sọ èdè tó yọ̀ mọ́ òun náà lẹ́nu jù.

Èwo ni kí wọ́n mú?

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ẹni náà lè kàwé, ṣé ó lè tẹ ọ̀rọ̀? Bó bá lè ṣe é, ó lè má ná kọ́bọ̀. Láti iOS 17 tó jáde ní 2023 ni Live Speech ti wà nínú iPhone àti iPad. Èèyàn á tẹ ohun tó fẹ́ sọ, fóònù á sì pè é jáde. Speech Assistant AAC ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí Android. Lórí ẹ̀rọ Apple, ẹni tí àìsàn ń gba ohùn rẹ̀ lọ lè fi Personal Voice tọ́jú ohùn ara rẹ̀ kó tó lọ tán. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, gbólóhùn 150 lèèyàn ní láti kà sínú fóònù. Ẹ̀dà ọdún 2025 dín in kù sí 10. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ yóò jọ ohùn olóhùn.

Bí kò bá tíì mọ̀wéé kà, áàpù alásàmì ló kàn: àwòrán kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó tò wọ́n pọ̀, kí ẹ̀rọ kà á. Proloquo2Go ti wà láti 2009, orí ẹ̀rọ Apple nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó $250. TouchChat, LAMP Words for Life àti Grid náà gbajúmọ̀ nílé-ìwé. Ní ọ̀fẹ́, LetMeTalk wà, Cboard náà wà, àwọn méjèèjì sì wúlò fún ilé tó jẹ́ pé Android ni wọ́n ní. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta áàpù olówó sábà máa ń dín owó kù ní oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹwàá. Kí òbí má sì ra èyí tó yàtọ̀ sí ti ilé-ìwé láìbéèrè, nítorí ọmọ tó ń kọ́ ètò bọ́tìnnì méjì lẹ́ẹ̀kan náà ń ru ẹrù méjì.

Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí rọpárọsẹ̀ mú tún yàtọ̀. Ó lè jẹ́ pé kíkà àti kíkọ bá ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Fọ́tò ilé, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti àwọn ọmọ, lè yé e ju àwòrán inú áàpù lọ. Nínú ẹni tó gbọ́ èdè méjì, èdè kan lè padà ṣáájú ìkejì, nítorí náà kí wọ́n sọ fún speech therapist pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé, kí ó lè yẹ èdè méjèèjì wò.

Ìbéèrè tó kù ni ti ọwọ́. Ẹni tí ìka rẹ̀ kò dúró sójú kan lè nílò ike oníhò tí wọ́n ń gbé lé ojú tábúlẹ́ẹ̀tì kí ó má bàa tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rárá lè fi ojú tẹ ẹ́: láti iOS 18 ní 2024 ni iPad ti lè tẹ̀ lé ìwòye ojú. Bí ọ̀rọ̀ bá díjú ju báyìí lọ, NHS England ní àwọn ibùdó AAC àkànṣe tí speech therapist lè darí èèyàn sí, wọ́n sì máa ń yáni ní ẹ̀rọ. Ace Centre tó wà ní Oldham àti Abingdon máa ń dáhùn ìbéèrè ìdílé. CALL Scotland ní Edinburgh ti ṣe àtẹ ńlá kan tó to àwọn áàpù iPad sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Títò ó sílẹ̀

Ohùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ yàn. Kò yẹ kí ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà máa fi ohùn bàbá arúgbó sọ̀rọ̀. Lára àwọn ohùn ẹ̀rọ tó wà, Harry àti Rosie jẹ́ ohùn ọmọdé tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Ìlú Ọba. Kí ẹni tó ni ẹnu fúnra rẹ̀ yan èyí tó bá wù ú. Ohùn ẹ̀rọ Stephen Hawking, onímọ̀ físíìsì, dún bí ti ará Amẹ́ríkà, ohùn tó sàn jù ú lọ sì dé lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó ní òun ni ohùn òun.

Ti Yorùbá ló máa ń fún ìdílé níṣẹ́ jù. Àwọn ohùn tó bá áàpù wọ̀nyí wá kò mọ àmì ohùn. Ayọ̀ á di nǹkan mìíràn lẹ́nu wọn, Ọlámidé á di àkọtì. Áàpù máa ń fún èèyàn láyè láti yí bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ padà, àmọ́ kò sí bí wọ́n ṣe lè kọ ọ́ tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ fi máa jáde geere. Ohun tó rọrùn jù ni kí wọ́n gba ohùn èèyàn sílẹ̀ sórí bọ́tìnnì. Bí ọmọkùnrin bá ni, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ tí ohùn wọn jọra sọ ọ́: "Ẹ káàárọ̀ mà." "Ẹ kú ilé." "Ẹ ṣé sà." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, "O ṣé" fún ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ọmọ tí bọ́tìnnì rẹ̀ ní "O ṣé" nìkan yóò máa fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kí ìyá àgbà lórí fóònù. Kí wọ́n fi fọ́tò Dádì, Mọ́mì, Àǹtí àti Bọ̀dá síbẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀bà, dòdò, ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín síbẹ̀, kí wọ́n sì fi "Àmín" síbẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí.

Àwọn bọ́tìnnì tí òbí Yorùbá lè gbàgbé ni "Mi ò fẹ́", "Fi mí sílẹ̀" àti "Ó ń dùn mí". Wọ́n lè dún bí àfojúdi létí àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní wọn kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ.

Bí bọ́tìnnì bá ti wà níbì kan, kó wà níbẹ̀ títí. Ọwọ́ a máa mọ̀nà tirẹ̀, bí ìyá olóúnjẹ ṣe ń na ọwọ́ mú iyọ̀ nígbà tí iná bá lọ. Ẹni tó ń tún bọ́tìnnì tò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń sọ ọmọ di àlejò lórí ẹ̀rọ ara rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi "fẹ́", "lọ", "sí i", "ó tó" àti "rárá" ni kó wà lójú ewé àkọ́kọ́, torí àwọn ló ń gbé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tí èèyàn ń sọ lójúmọ́.

Lẹ́yìn náà, kí àgbàlagbà ilé máa tẹ̀ ẹ́. Ká ní ìyá ń dín dòdò. Ó ń wí pé "ó gbóná", ó sì ń tẹ "gbóná". Ọmọ na ọwọ́ sí àwo. Ìyá tẹ "fẹ́", ó tẹ "sí i", ó sì bù ú fún un láìní kí ọmọ kọ́kọ́ tún un sọ. Báyìí ni ọmọ ṣe ń rí i pé ẹ̀rọ náà jẹ́ ọ̀nà tí gbogbo ilé ń gbà sọ̀rọ̀. Kí wọ́n má fi ṣe ìdánwò, kí wọ́n má sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi jẹ ẹ́ níyà.

Guided Access wà nínú Settings, lábẹ́ Accessibility. Ó máa ń ti áàpù mọ́ ojú tábúlẹ́ẹ̀tì kí ọmọ má bàa jáde lọ wo YouTube. Kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà gbogbo bọ́tìnnì sí ibòmíràn, torí ẹ̀rọ máa ń bọ́ lulẹ̀. Kí wọ́n tẹ ojú ewé àkọ́kọ́ sórí páálí, kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó, kí ó wúlò nínú balùwẹ̀ àti nígbà tí bátìrì bá kú. Bí wọ́n bá ń lọ sílé ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, kí wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó kúrò, kí wọ́n wò ó bóyá áàpù ṣì ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì mú power bank dání.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó yẹ kí wọ́n béèrè lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá dé: ta ló ni ín? Tábúlẹ́ẹ̀tì tí ilé-ìwé, káńsù tàbí NHS fi fún ọmọ lè jẹ́ èyí tí wọ́n máa gbà padà bí ìdílé bá kó lọ sí káńsù mìíràn tàbí tí ọmọ bá wọ sẹ́kọ́ńdírì. Kí òbí béèrè, ní kíkọ sílẹ̀, bóyá ọmọ lè máa gbé e lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ àti nígbà ìsinmi, ta ló máa tún un ṣe bó bá bàjẹ́, àti bí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti tò sínú rẹ̀ ṣe máa bá ọmọ lọ sí ibi tó ń lọ.