Àwo Atètèyà: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Yíyan Àwo Akẹ́kọ̀ọ́ nínú Gọ́ọ̀fù Àwo

1. Ìfáárà

Gọ́ọ̀fù àwo ni eré ìdárayá tí wọ́n ń fi àwo pẹlẹbẹ ṣe dípò igi àti bọ́ọ̀lù. Inú agbọ̀n onírin tí ó ní ẹ̀wọ̀n ni òṣèré ń ju àwo sí. Ẹni tí iye ìjù rẹ̀ bá kéré jù lọ ni ó borí. Ní ọdún 1975 ni Ed Headrick ṣe pápá eré yìí sí Oak Grove ní California, l'Amẹ́ríkà. Ní 1976 ni ó dá ẹgbẹ́ PDGA sílẹ̀.

Olùkọ́ ní Ìjan-Èkìtì tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni ní eré yìí yóò kọ́kọ́ bá ìṣòro orúkọ pàdé. "Àwo" kò ṣàjèjì: ó ti ti orí oúnjẹ dé orí orin. Ṣùgbọ́n ohun tí Chioma Onyekwere jù tí ó fi gba wúrà ní Birmingham ní 2022 náà lè jẹ́ àwo. Ti obìnrin wọn kílò 1, ti ọkùnrin wọn kílò 2. Àwo ti gọ́ọ̀fù kò sì gbọdọ̀ ju gíráàmù 200 lọ. Nítorí náà, ó yẹ kí ti àkọ́kọ́ máa jẹ́ dísíkọ́ọ̀sì, kí èkejì máa jẹ́ àwo gọ́ọ̀fù.

2. Bí àwo ṣe ń fò

Bí ẹni tí ó ń lo ọwọ́ ọ̀tún bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ ju àwo, yóò máa yí bí ọwọ́ aago ti ń yí. Nígbà tí eré rẹ̀ ṣì pọ̀, afẹ́fẹ́ a máa gbé ẹ̀yìn àwo ju iwájú lọ. Bí eré bá dínkù, iwájú ni afẹ́fẹ́ ń gbé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń yí kì í tẹ̀ sí ibi tí wọ́n tì í sí. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ń gbà. Ọmọ tí ó ti ta òkòtó rí mọ èyí: òkòtó tí ó ń jó kì í wó lójú ẹsẹ̀ bí ó bá fì, ńṣe ni orí rẹ̀ ń yí bírí. Bẹ́ẹ̀ ni àwo ṣe ń kọ́kọ́ ṣẹ́rí sí ọ̀tún, tí ó sì ń ṣẹ́rí sí òsì níkẹyìn. Kí ti àkọ́kọ́ jẹ́ yíyà, kí ti ìkẹyìn jẹ́ ìpadà. Kò yẹ kí ọ̀tún tàbí òsì wọ inú orúkọ wọn, nítorí pé òdìkejì ni fún ọlọ́wọ́ òsì.

3. Orúkọ tí ó lè ṣini lọ́nà

Àwo tí ó ń yà púpọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní understable. Bí atúmọ̀ èdè bá tú u ní olówuuru sí "aláìdúróṣinṣin", ó ti bà á lórúkọ jẹ́. Olùkọ́ tí ó bá kà á yóò rò pé àbùkù ni, yóò sì ra òdìkejì rẹ̀ fún ọmọ. Òdìkejì yìí gan-an ni kò bá apá ọmọ mu. Ìjù akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì yá. Àwo tí ó ń fẹ́ eré púpọ̀ kò ní yà rárá, ìpadà nìkan ni yóò ṣe, yóò sì tètè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ní ti èyí tí ó ń yà wẹ́rẹ́, eré díẹ̀ ti tó o. Yíyà àti ìpadà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́, àwo yóò sì lọ tààrà.

Àwọn orúkọ tí ó bá iṣẹ́ wọn mu nìyí:

atètèyà: èyí tí eré díẹ̀ ń mú yà;
alọtààrà: èyí tí kò yà púpọ̀, tí kò sì padà púpọ̀;
akọ̀yà: èyí tí ó kọ̀ láti yà, tí ó sì ń padà gidigidi.

4. Yíyan àwo

Àwo agbedeméjì wà láàárín àwo ọ̀nà-jíjìn àti àwo ìjùságbọ̀n. Etí rẹ̀ kò mú tó ti ọ̀nà-jíjìn, kò sì béèrè eré púpọ̀. Ẹni tí ó ṣe àwo sábà máa ń kọ nọ́ńbà mẹ́rin sí i: ti eré, ti pípẹ́ lókè, ti yíyà àti ti ìpadà. Eré agbedeméjì sábà máa ń jẹ́ 4 tàbí 5. Àmì àyọkúrò ni ó ń ṣáájú nọ́ńbà yíyà: -3 ń yà ju -1 lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú èyí tí yíyà rẹ̀ wà láàárín -1 àti -3, tí ìpadà rẹ̀ jẹ́ 0 tàbí 1.

Ìwọ̀n náà ṣe pàtàkì. Òfin PDGA fi gíráàmù 8.3 sí sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan ìbú àwo. Èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 21.7 kò gbọdọ̀ ju 180 lọ. Èyí tí ó fúyẹ́ rọrùn fún apá ọmọdé. Kí olùkọ́ rántí pẹ̀lú pé àwo tí ó ti gbó ń yà ju tuntun lọ, àti pé bí apá ọmọ bá ti ń le sí i, atètèyà rẹ̀ yóò máa yà kọjá ààlà. Nígbà náà ni alọtààrà kàn án. Àwo kò yí padà di búburú. Ọmọ ni ó dàgbà. Orúkọ tí ó sọ ìṣe àwo láìdá a lẹ́bi ni yóò jẹ́ kí olùkọ́ rí ìyàtọ̀ yìí.