Ta La Pa Òwe Náà Fún?

Gbogbo ohun tójú bá rí kọ́ lẹnu ń sọ. Ọmọ Ẹ̀gbá wo ló ń wá ẹni tí yóò túmọ̀ ìyẹn fún un? Èmi gan-an ti fi pa àwọn olófòófó lẹ́nu mọ́ nínú agbo ilé wa n'Ìgbẹ̀ìn láìmọye ìgbà. Ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi dá mi lóhùn lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí omi ń kán sí i lára, ni òwe ọ̀hún kọ́kọ́ bí mi nínú.

Àpẹ́ńdíìsì ló gbé e débẹ̀. Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, dókítà bi í pé oògùn wo ló ń lò. Ó ní òun kò lo nǹkan kan. Wọ́n là á, wọ́n rán an, ó parí ní ìrọ̀wọ́rọ̀sẹ̀. Kó tó di ọ̀gànjọ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń já wálẹ̀, òógùn tútù bò ó. Dókítà ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jò nínú, kò rí i. Èmi ń tú àpò rẹ̀ láti wá ṣájà fóònù ni mo bá ọ̀rá kékeré kan pàdé, hóró funfun wínníwínní nínú rẹ̀. Dẹ́sà ni, ìyẹn oògùn dexamethasone. Oṣù mẹ́fà ló ti ń gbé e mì kí ara lè kún dọjọ́ ìgbéyàwó. Mo sáré gbé ọ̀rá náà tọ dókítà lọ. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ hydrocortisone, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń béèrè ògì.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ó ní, "HMO, adójútòfò ìlera iléeṣẹ́ wa, ló ń sanwó. Tí mo bá sọ ọ́, ọ̀gá mi á gbọ́. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń wí i, gbogbo ohun tójú bá rí kọ́..."

Mo ní kó dákẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nìyí: kókó kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan tó ń pèsè irú èròjà tó jọ dẹ́sà fún ara. Òun ló ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ró bí àìsàn ńlá tàbí ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ bá dé. Bí o bá ń gbé tìta mì lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kókó náà á rí i pé ẹlòmíràn ti ń bá òun ṣiṣẹ́, á sùn lọ. Ọjọ́ tó o bá ṣàdédé dá oògùn dúró, tàbí tí wọ́n là ọ́ nínú, kò ní í tètè jí. Hóró yẹn kéré lójú ni, mílígíráàmù 0.75 dẹ́sà tó mílígíráàmù 5 prednisolone. Dẹ́sà ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì ń jẹ eegun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún, tí ẹ̀ ń yìn pé ara ti ń gba ìyàwó, ọ̀rá àti omi ni. N kò pe oògùn náà ní májèlé o: lọ́dún 2020, òun ni wọ́n rí ní Britain pé ó ń dín ikú kù láàárín àwọn tí Kòrónà mú débi ẹ̀rọ tí ń báni mí. Abẹ́ ojú dókítà ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ kí n má di gbogbo ẹ̀bi ru ọmọ yìí. Ní ilé ìwòsàn kan tó ti kọ́kọ́ lọ, òṣìṣẹ́ tó ń pín káàdì dìde dúró, ó ké tòò: "Ta lẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá?" Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń wí, ọmọ ìjọ rẹ̀ kan sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ṣé ẹni tójú tì báyẹn ni yóò tún dárúkọ dẹ́sà? Ẹnu òṣìṣẹ́ yẹn gan-an ló yẹ kí òwe wa pa mọ́. Abala 26 nínú òfin ìlera orílẹ̀-èdè tọdún 2014 sọ ọ́ kedere: àìsàn rẹ, ìtọ́jú rẹ, àní pé o tilẹ̀ wà ní ọsibítù, àṣírí ni. Ìwọ fúnra rẹ lo lè kọ̀wé pé kí wọ́n sọ ọ́, àfi bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ, bí òbí tàbí alágbàtọ́ bá béèrè ti ọmọdé tàbí ti ẹni tí kò lè fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, tàbí bí ewu ńlá bá fẹ́ kan ará ìlú. Òfin ààbò dátà tọdún 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tí a kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ọ̀gá tó ń san owó adójútòfò kò sí nínú àwọn tí Abala 26 dárúkọ.

HMO ńkọ́? Lábẹ́ ètò ìjọba, iye kan ni wọ́n ń san fún ilé ìwòsàn lóṣooṣù lórí ẹni kọ̀ọ̀kan, yálà o lọ, yálà o kò lọ. Tó o bá lọ jókòó sọ tinú rẹ fún dókítà, ìyẹn nìkan kò bí ìwé owó kankan. Iṣẹ́ abẹ ló ń gba kóòdù, orúkọ àìsàn àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ni wọ́n sì fi ń béèrè owó. Wọn yóò rí ìyẹn, n kò ní í tàn ọ́. Bí fọ́ọ̀mù adójútòfò kan bá sì bi ọ́ léèrè oògùn tí ò ń lò, má purọ́ níbẹ̀, torí irọ́ ló ń fún wọn láyè láti kọ̀ láti sanwó.

Nítorí náà, tó o bá wọlé tọ dókítà, ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Béèrè ẹni tí yóò ka fáìlì náà. Lẹ́yìn náà, sọ ọ́ tán, kó o gbé ọ̀rá oògùn náà sórí tábìlì, àti ìpara abóra tó o bá ń lò, torí dẹ́sà lè ní mọ̀lẹ́bí nínú ìyẹn. Ẹni tó jókòó lódìkejì tábìlì la pa òwe náà fún.

Oṣù mẹ́rin ti kọjá. Dókítà ń bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kò tíì bi í ní nǹkan kan ju pé ṣé ojú abẹ ti jinná.